Ẹ Tún Padà Lọ: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Sọ Lórí Ìtọ́jú Àyíká ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú oòrùn, ẹ kú àìsinmi. Mo mọ̀ pé ìdánwò ti kan púpọ̀ nínú yín lára, síbẹ̀ ẹ kó ara yín jọ síbí nítorí ọ̀rọ̀ gọ́tà àti ọ̀rá, ẹ fẹ́ jáde lọ bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ ìtọ́jú àyíká. Olùkọ́ ni mí. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí n tó di olùkọ́, mo ti jókòó sí irú ibi tí ẹ jókòó sí yìí, mo ti wọ irú ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí ẹ wọ̀ yìí, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́yìn gàdàgbà. Nítorí náà, ohun tí ojú èmi fúnra mi rí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ọdún kejì mi ní yunifásítì ni. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ bí ogójì jáde láàárọ̀ Sátidé kan, a forí lé ọjà. A ní ìgbálẹ̀, a ní ṣọ́bìrì, a ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan tí a yá, a sì na aṣọ gígùn kan tí a kọ òyìnbó sí. A kọrin, a pariwo, a pín ìwé pélébé fún àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn kan sì fi di ata fún oníbàárà lójú wa níbẹ̀. Lẹ́yìn náà a bọ́ sínú gọ́tà.

Mo ṣì rántí ohun tí ṣọ́bìrì mi gbé jáde. Ìpele-ìpele ló wà. Lókè pátápátá, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mu, omi díẹ̀ ṣì wà ní igun rẹ̀. Lábẹ́ ìyẹn, ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di ẹja, ìdérí ìgò, kùùkù àgbàdo, sílípáàsì ẹsẹ̀ kan. Nísàlẹ̀ pátápátá, ẹrẹ̀ dúdú tó ń hó, tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tí àwọn ọ̀rá àtijọ́ nà sínú rẹ̀ bí gbòǹgbò igi. Mo fa ọ̀kan, mẹ́ta tẹ̀lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Nígbà tí mo kà á dé igba, mo dákẹ́.

A kó gbogbo rẹ̀ sí etí gọ́tà. A ya fọ́tò. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, a ti wà nílé. Nínú àwa ogójì, ẹnikẹ́ni kò béèrè pé ọkọ̀ wo ló máa wá kó òkìtì náà.

Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé mo lọ ra irú àti ata, mo sì rí ohun tí a ṣe. Ẹrẹ̀ tí a ti hú rọ̀ ti ṣàn padà, ó gbá ọ̀rá lọ dí ojú afárá kékeré tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì, omi sì yà wọ inú ìsọ̀. Ìyá kan tó ń ta irú ti gbé àtẹ rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Aṣọ rẹ̀ tutù dé orúnkún. Ó dá mi mọ̀. Kò bú mi. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́sí. Ìdọ̀tí wa wà lójú kan tẹ́lẹ̀, a mọ ibi tó wà. Ìgbà tí ẹ lọ tán ló wá bá wa nínú ilé.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò nínú mi títí di òní. Mo padà lọ bá ìyá náà lọ́jọ́ kẹta. Mo tún lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Nígbà tí ó rí i pé mi ò dẹ́kun, ó fún mi ní àpótí kí n jókòó. Orí àpótí yẹn ni mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, ohun kan ṣoṣo tí mo sì wá bẹ̀ yín fún lónìí ni pé, ibi yòówù kí ẹ lọ, kí ẹ tún padà lọ síbẹ̀.

Ìyá náà sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ẹ̀yìnkùlé agboolé àwọn ni ààtàn wà. Ewé ẹ̀kọ, èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, eérú ààrò, ibẹ̀ ni wọ́n ń da gbogbo rẹ̀ sí. Ewúrẹ́ á jẹ tirẹ̀, adìyẹ á tan tirẹ̀, òjò á rọ̀ sórí ìyókù. Kó tó di ọdún kejì, ààtàn ti di ilẹ̀ dúdú, tẹ̀tẹ̀ àti ìbẹ́pẹ á máa hù lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Nígbà náà, kí èèyàn ju ewé sí ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe ìwà ọ̀bùn, ọ̀nà tí ilẹ̀ fi ń jẹun ni.

Ọwọ́ tí wọ́n fi ń ju ewé nígbà náà ni a ṣì fi ń ju ọ̀rá báyìí. Ọwọ́ kò yí padà, ohun tó wà nínú ọwọ́ ló yí padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó gbé gbohùngbohùn lọ pe àwọn èèyàn ní ọ̀bùn. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, tó ń wọ́n omi sí i kí eruku má bàa sọ, kì í ṣe ọ̀bùn. Ohun tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni kò mọ bí yóò ṣe jẹrà, nítorí kì í jẹrà.

Ewé ní àwọn tó ń jẹ ẹ́: ikán, ekòló, olú, àti àwọn ohun ẹlẹ́mìí wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Inú epo rọ̀bì àti gáàsì ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá. Àwọn èròjà inú rẹ̀ so mọ́ ara wọn ní ẹ̀wọ̀n gígùn tí àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú ilẹ̀ wa kò rí jẹ. Oòrùn lè sá a gbẹ, kó ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ náà, ọ̀rá ṣì ni. Ewúrẹ́ kò mọ̀yàtọ̀. Iyọ̀ àti òórùn oúnjẹ tó wà lára ọ̀rá ló ń tàn án. Ẹ bi àwọn alápatà wa, wọ́n á sọ fún yín irú ọ̀rá tí wọ́n ń bá nínú ikùn màlúù àti ewúrẹ́, tó ti wé mọ́ra di ìdì bí òṣùká. Ẹran mìíràn á máa rù títí, a ó sọ pé àìsàn ni.

Píọ̀ wọ́tà náà kì í ṣe ohun tí àwọn baba wa bá láyé. Láàárín ọdún 1990 sí 2000 ló gbòde kan, nítorí pé omi ẹ̀rọ kò yọ mọ́, àwọn èèyàn sì ń wá omi tí wọ́n lè fọkàn tán. Àpò kan, ogún ọ̀rá. Ilé tó bá ń mu àpò kan lójúmọ́ ń tú ọ̀rá 600 síta lóṣù kan. Ẹ ka ilé tó wà ládùúgbò tí ẹ ń gbé, kí ẹ fi ìṣirò yẹn ka ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀ ọ̀rá gbọ́dọ̀ ṣetán láti gbọ́ ọ̀rọ̀ omi. Bí ẹ bá sọ fún ìyá kan pé kó má ra píọ̀ wọ́tà mọ́, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé níbo ni kí àwọn ọmọ òun ti mu omi. Kì í ṣe àríyànjiyàn ló ń bá yín ṣe. Ẹ dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀fọn, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń rí i pé àwa tí a ń kọ́ni ń ṣìnà, tí àwọn tí a ń kọ́ sì ń mọ̀. Ìjọba ológun ọdún 1984 ló fi ìmọ́tótó Sátidé ìparí oṣù lọ́lẹ̀, láti agogo méje sí agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ó ṣe wá láǹfààní, n kò kó o dànù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀fọn bá ti yé ẹyin sójú omi títí ọmọ rẹ̀ yóò fi hu ìyẹ́ fò lọ, ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá ló máa ń gbà, bí ooru bá ṣe pọ̀ sí. Láàárín Sátidé ìparí oṣù kan sí èkejì, ẹ̀fọn á ti bí ọmọ, ọmọ náà á sì ti bí tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ já ìran ẹ̀fọn gbọ́dọ̀ máa da omi tó dá rogún nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ wò ó, ẹ̀fọn gan-an fúnra rẹ̀ ń sọ ohun tí mo ń sọ.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. À ń sọ fún àwọn èèyàn pé gọ́tà tó ń rùn ló ń fa ibà. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà, èyí tí wọ́n ń pè ní Anopheles, omi tó mọ́ díẹ̀ tó dúró sójú kan ló fẹ́ràn jù: ipa táyà ọkọ̀ lẹ́yìn òjò, kòtò ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, etí odò tí kò ṣàn. Èyí tó ń pọ̀ nínú gọ́tà dúdú, irú mìíràn ni. Òun ló ń kùn létí wa lóru tí kò jẹ́ ká sùn. Èyí tó ń yé sínú agolo, táyà àlòkù àti àmù tún jẹ́ ẹ̀kẹta, òun ló ń gbé ibà pọ́njú kiri. Bí gọ́tà bá mọ́ tónítóní, tí táyà mẹ́rin sì wà lẹ́yìn ilé tí omi kún inú wọn, àwọn ọmọ ilé náà á ṣì máa ṣàìsàn. Wọ́n á ní, “Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ká kó gọ́tà, a kó o, kí ló wá yí padà?” Láti ọjọ́ náà lọ, wọn ò ní gbọ́ tiyín mọ́.

Àwọn wolé-wolé àtijọ́ mọ èyí. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ náà rí sọ fún mi pé inú àmù ni òun kọ́kọ́ máa ń wò tí òun bá wọ ilé, òun á fi igbá bu omi, òun á gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, òun á wo bóyá tanwíjí ń ta nínú rẹ̀. Tí ó bá rí i, ilé ẹjọ́ ni. Àwọn èèyàn bẹ̀rù wolé-wolé débi pé wọ́n ń tú àmù dànù kó tó dé, wọ́n á sì tún pọn omi kún un tí ó bá ti lọ. Ẹ̀yin ò ní ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ́wọ́. Ẹ ò lè mú ẹnikẹ́ni. Ọmọ wọn ni yín, ìyẹn sì ni agbára tí wolé-wolé kò ní. Ẹ kúnlẹ̀ kí ìyá, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí bàbá, ẹ ní kí wọ́n bá yín wá igbá, kí ẹ jọ bu omi àmù wò. Ojú tó bá ti rí tanwíjí tó ń jó nínú omi tí wọ́n fẹ́ mu, ẹ ò ní láti wàásù fún un mọ́.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kéré. Lọ́dún 1988, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà kan wà ní Pisa, lórílẹ̀-èdè Ítálì. Wọ́n gbọ́ pé wọ́n ń kó ìdọ̀tí olóró láti ibẹ̀ wá sílé wa. Ẹnikẹ́ni kò rán wọn níṣẹ́. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn ìwé ìròyìn ilé. Nígbà tí àwọn èèyàn lọ wo ìlú Koko, ní ibi tó jẹ́ ìpínlẹ̀ Delta lónìí, wọ́n bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá nínú àgbàlà ẹnìkan, nǹkan bí 4,000 tọ́ọ̀nù. Àwọn mìíràn ti ń jò. Ẹni tó ni àgbàlà kò mọ ohun tó wà nínú wọn; owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Àwọn kan ládùúgbò tilẹ̀ ti da ohun inú àgbá nù, wọ́n fẹ́ máa fi àgbá náà lò nínú ilé.

Ìjọba fi dandan lé e pé kí Ítálì kó ẹrù rẹ̀ padà. Ọkọ̀ òkun tí wọ́n ń pè ní Karin B wà lára àwọn tó gbé e lọ. Lọ́dún kan náà ni òfin 42 jáde, tó fi ẹ̀wọ̀n gbére lé ẹni tó bá kó ìdọ̀tí olóró wọlé, òfin 58 sì dá àjọ FEPA sílẹ̀, àjọ àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ní fún ààbò àyíká. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, tí ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, tí òfin ọdún 2007 gbé kalẹ̀, orí ìpìlẹ̀ yẹn ló dúró lé. Lẹ́tà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo sì máa ń rí i tí ọrùn wọn ń nà sókè.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé ajákọ kan. Ọjọ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀ bá dé sí àdúgbò tí ẹ mú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá dé, ẹ kọ ìyẹn náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti wọ ọ́fíìsì kan rí láti lọ ráhùn nípa òkìtì ìdọ̀tí, ọ̀gá ibẹ̀ ní ọkọ̀ ń lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, a ò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́ tí a lè fi dá a lóhùn. A jáde. Ká ní a ní ìwé ajákọ yẹn ni, ọ̀rọ̀ ì bá gba ibòmíràn lọ. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìgbálẹ̀ yín ló máa rọ́pò iṣẹ́ ìjọba. Ìdọ̀tí ìlú tó tóbi tó Ògbómọ̀ṣọ́ nílò ọkọ̀, ó nílò ilẹ̀ tí wọ́n máa kó o lọ, ó nílò owó oṣù fún àwọn tó ń kó o. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ibi tí mo fẹ́ràn jù. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣètò Ọjọ́ Ilẹ̀ Ayé ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1970, mú ọjọ́ náà nítorí kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè ráyè: ìsinmi ti parí, ìdánwò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ogún mílíọ̀nù èèyàn ló jáde. Ó wú mi lórí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí, mo fẹ́ kí ẹ̀yin márùn-ún mú kíláàsì kan ṣoṣo, kí ẹ máa lọ síbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì títí táàmù á fi parí.

Èyí ni a ṣe nílé ẹ̀kọ́ kan. A wá ike ọ̀dà mẹ́ta, a lu ihò sí ìdí wọn, a bu ilẹ̀ sí wọn. Àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn ri ewé ẹ̀kọ sínú ìkínní, ojú ewé ìwé ajákọ sínú ìkejì, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sínú ìkẹta. A fi igi kéékèèké sàmì sí wọn. Ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan la ń bomi rin wọ́n, àwọn ọmọ á sì bẹ̀ wá pé ká jẹ́ káwọn hú u wò, a ní rárá, ẹ ṣe sùúrù. Lọ́sẹ̀ kẹjọ, a tú wọn sórí àpò sìmẹ́ǹtì. Ewé ti lọ. Okùn àárín rẹ̀ díẹ̀ ló kù, ó sì já nígbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ìwé ti di nǹkan rírọ̀ eérú-eérú, ekòló kan sì wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ hó yéè. Wọ́n wá fa ọ̀rá jáde. Ọmọbìnrin kan gbé e lọ sídìí omi, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e sókè sójú oòrùn. Gbogbo lẹ́tà ara rẹ̀ ló ṣeé kà. Ó kà á sókè fún wa, láti orúkọ omi dé àdírẹ́sì. Lẹ́yìn náà ó pọn omi sínú rẹ̀. Kò jò níbì kankan àfi ní igun tí ẹni tó mu ún ti fi eyín ya á.

Ọmọ náà kọjú sí mi, ó ní, “Àǹtí, ṣé títí tí n ó fi dàgbà ló máa wà bẹ́ẹ̀?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ nǹkan kan. Ó ká a, ó fi sínú àpò aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ẹ rí i pé mi ò dárúkọ ìyípadà ojú ọjọ́ títí di ìsinsìnyí. Kì í ṣe pé kò kàn wá. Àgbẹ̀ tó ń gbin àgbàdo ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire àti Sùúrùlérè lẹ́bàá wa níbí mọ̀ pé òjò àkọ́rọ̀ kò wá lásìkò bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Ẹ bi í kí ẹ tó sọ tiyín. Ẹ bi í ìgbà tí bàbá rẹ̀ máa ń gbin àgbàdo, ẹ bi í ti òun náà. Nígbà tí ó bá sọ tán, ẹ wá ṣàlàyé fún un bí èéfín ẹ̀rọ àti ti epo tí a ń jó káàkiri ayé ṣe ń há ooru mọ́lẹ̀ bí aṣọ òtútù tí wọ́n dà bo èèyàn lọ́sàn-án gangan. Ẹ fi Yorùbá sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ Yorùbá láàárín yín, ẹ mú ẹnìkan dání tí ó gbọ́ èdè náà dáadáa, kì í ṣe ẹni tó kàn ń fi òyìnbó lú Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́ tó múlé tì wá, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ wà tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún àwọn adití àti afọ́jú. Ẹ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ dọ́rẹ̀ẹ́. Ọmọ tó jẹ́ adití náà ń gbé nínú àyíká yìí, kò sì sí gbohùngbohùn tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ igi gbígbìn dùn mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ni Ọjọ́ Àyíká Lágbàáyé. Òjò ń rọ̀ nígbà náà, igi tí a bá gbìn á mú, gbogbo wa á yọ̀. Tí ó bá di oṣù kọkànlá, òjò á dá, ọyẹ́ á dé, a ó ti lọ fún ìsinmi, ewúrẹ́ á jẹ ìyókù tí oòrùn kò pa. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, a ó tún gbìn sójú ihò kan náà. Ní Kenya, lọ́dún 1977, Wangari Maathai bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igi méje péré. Nígbà tí iṣẹ́ náà gbilẹ̀ láàárín àwọn obìnrin oko, orí igi tó bá yè ni wọ́n ń san owó díẹ̀ lé, kì í ṣe orí èyí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Lọ́dún 2004, òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà. Bí a bá fẹ́ ka igi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, oṣù kejì ni kí a máa kà á, nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbẹ.

Ọ̀rá tí a ń sọ yìí náà lè bá wa ṣe é. Ẹ fọ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ẹ gé orí rẹ̀, ẹ lu ihò mẹ́rin sí ìdí rẹ̀, ẹ bu ilẹ̀ ààtàn sí i. Ẹ da kóró kaṣú sínú omi; èyí tó bá léfòó, ẹ yọ ọ́ sọ nù, èyí tó bá rì ni kí ẹ gbìn. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ó ti so mọ́ èso kọjú sókè. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ẹ kò bá jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, orí rẹ̀ á yọ. Ìlú kaṣú àti máńgòrò ni ìlú yìí, ẹ kò ní wá ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín tì. Ṣùgbọ́n kí ẹ gé ọ̀rá kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó gbìn ín sílẹ̀, kí ẹ sì mú un padà wálé.

Ẹ bá àwọn àgbẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ iná pẹ̀lú. Nígbà ọyẹ́, àwọn ọdẹ tó ń wá òkété á fi iná sí koríko, afẹ́fẹ́ á gbé e wọ oko kaṣú ẹlòmíràn. Igi tó ti pé ọdún mẹ́wàá á jó láàárín wákàtí kan. Ẹ lè bá wọn ro etí oko kí ọyẹ́ tó dé, kí iná má rí ibi kọjá. Àwọn tó ń jó èédú náà kò dá igi irúgbá àti igi ẹmì sí mọ́. Ìyá onírú mi ló sọ fún mi pé irúgbá tí òun ń rà ti ń ti ọ̀nà jíjìn wá, pé nígbà èwe òun, etí ìlú ni wọ́n ti ń ká a. Ìgbà tí ó sọ ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń ronú lórí ohun tí mo rò pé èmi ni mo wá kọ́ ọ.

Ẹ nílò ìwé ẹ̀rí, mo mọ̀. Ẹ gbà á, ẹ̀tọ́ yín ni, iṣẹ́ kò rọrùn láti rí. Fọ́tò náà, ẹ yà á. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ mọ orúkọ ìyá tó dúró lẹ́yìn yín nínú fọ́tò náà.

Bóyá ẹnìkan nínú yín fẹ́ bi mí pé báwo ni ọjà ọjọ́sí náà ṣe wà báyìí. Mo lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú afárá yẹn ṣì ń dí tí òjò bá pọ̀, n kò ní parọ́ fún yín. Ìyá onírú ti di arúgbó, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń patẹ báyìí, òun kàn ń jókòó tì í ni. Àpò ńlá kan wà lábẹ́ tábìlì wọn tí wọ́n ń ti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sí. Ọmọkùnrin kan tó ń ra ọ̀rá àti ike máa ń wá wọ̀n ọ́n ní Ọjọ́bọ̀, ó ń sanwó rẹ̀. Ìsọ̀ méjì tó tẹ̀ lé tiwọn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìsọ̀ kẹrin kọ̀, wọ́n ní ó ń kó èkúté wá, wọn ò sì parọ́. Ó yẹ kí ẹnìkan lọ bá wọn jókòó kó gbọ́ tiwọn, bóyá kí wọ́n máa ṣan ọ̀rá kí wọ́n tó tì í sínú àpò.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá náà pé mò ń lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kí yín. Ó ní kí n bi yín pé àwọn wo ló ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí òun lè yá àpótí sílẹ̀.